"Petrol" kọ́ ni "pétrole": Ìdí tí òṣìṣẹ́ tó jẹ́ àjèjì fi nílò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu iṣẹ́, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà



Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́ ní sáìtì ìkọ́lé ní Àbújá, ní Èkó àti ní Accra, tí kò sí ẹni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ni "petrol".

Ní Nàìjíríà àti ní Ghana, epo tó ń lọ sínú ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, tàbí tó gba Aflao wọ Lomé, yóò gbọ́ "pétrole" lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, nǹkan mìíràn ni wọ́n sì ń sọ. Kẹrosíìnì ni, epo àtùpà. Epo ọkọ̀ ní tiwọn ń jẹ́ "essence", dísù sì ń jẹ́ "gasoil".

Ẹ wá fojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọnù dé sí sáìtì kan ní Àbújá. Fọ́máànù ní kó lọ bu petrol sí jẹnẹrétọ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló bá nílẹ̀, wọn kò kọ ohunkóhun sí wọn lára. Bó bá bu kẹrosíìnì, ẹ̀rọ á dákú, wọ́n á sì yọ owó àtúnṣe rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn ṣì dára. Lálẹ́, olùṣọ́ ní kó bá òun bu "kerosene" sí sítóòfù. Ní èdè Faransé, epo bàálù ni wọ́n ń pè ní "kérosène", ọ̀rọ̀ tí kì í sábà jáde lẹ́nu ẹni tó ń ra epo àtùpà. Bó bá wá méfò, tó gbé kẹ́ẹ̀gì kejì, iná ló máa sọ èyí tó kù.

Ọ̀dọ́kùnrin yìí kì í ṣe òpè. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo àwọn tó ń to táìsì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ìṣẹ́jú méjì kọ́ ọ bí wọ́n bá rántí pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ.

Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ kàn?

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Nàìjíríà á ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí táìsì yín gún, kí POP yín má sán, ẹ wá ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ọmọ Togo. Àwọn onílé mìíràn kì í tilẹ̀ pe ẹlòmíràn. Ní Àbújá àti káàkiri Àríwá, àwọn ọmọ Niger ló ń ṣọ́ ilé, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ omi. Ní Ghana, ó ti pẹ́ tí àwọn ará Burkina Faso ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àti níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin láti Benin àti Togo ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ẹlòmíràn, àwọn yẹn kò sì ní fọ́máànù, wọn kò ní ẹgbẹ́, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ti mọ́ wọn lórí.

Òfin ló ṣílẹ̀kùn fún ìrìn yìí. Oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà ní Dakar, èyí tó jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n fi àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kí èèyàn sì ṣiṣẹ́ kún un. Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS láti 29 oṣù Kínní ọdún 2025, àmọ́ àjọ náà ní kí àwọn tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn wọlé títí di ìgbà tí ìlànà mìíràn bá jáde.

Ìwé ìrìnnà á gbé bíríkìlà kọjá ẹnubodè. Kò lè túmọ̀ ohun tí fọ́máànù ń wí fún un.

Gẹ̀ẹ́sì wo gan-an?

Àwọn kan á ní, ta ló tilẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní sáìtì? Òótọ́ wà níbẹ̀. Hausa ni ará Niger fi ń bá ará Kánò sọ̀rọ̀. Gun àti Yorùbá ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ kó tó kúrò nílé. Èdè Ewe ló so Lomé mọ́ Aflao. Ẹni tí kò bá gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn, Pidgin á gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ara ike kẹ́míkà, Gẹ̀ẹ́sì. Pátákó ìkìlọ̀, Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí lọ́jọ́ ìsanwó, fọ́ọ̀mù báńkì, fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àjèjì, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Pidgin á bá a ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ. Kò lè bá a ka ohun tí wọ́n kọ sára ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì, pé kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì ṣí fèrèsé.

Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì méjì ni òṣìṣẹ́ yìí nílò: èyí tó ń gbọ́ àti èyí tó ń kà. Wọn kò sì jọra.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì á sọ fún un pé "switch on the generator" ni wọ́n ń wí. Ó dé sáìtì, "on am" ló gbọ́. "Switch off" di "off am". Bí ariwo ẹ̀rọ bá wá bo "no" tó wà níwájú "no on am", ìdàkejì ohun tí wọ́n sọ ló máa ṣe.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá yé wọn tán. Ọ̀gá ń kúrò níwájú rẹ, ó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ pé "I'm coming". Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì á dúró, á máa wò ó pé ibo ló ń bọ̀ sí. Àwa Yorùbá mọ ibi tí ìyẹn ti wá, "mò ń bọ̀" lásán ni. Kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń tà ní Lomé.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n náà ń bẹ. Sáìtì Nàìjíríà ń sọ "nine-inch" àti "six-inch" tó bá kan búlọ́ọ̀kù. Ọmọ Benin tàbí ọmọ Togo mọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà: "quinze" ni 15, "vingt" ni 20. Ẹni tó bá ti sọ fún un pé "six-inch" súnmọ́ "quinze" tirẹ̀, àti pé "nine-inch" fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ju "vingt" lọ, ti dín àṣìṣe ọ̀sẹ̀ kan kù. Ààmì kọ́mà náà ń dá wàhálà sílẹ̀: 2,5 ni wọ́n ń kọ ní iléèwé Faransé níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ 2.5. Bí kọ́mà náà kò bá hàn dáadáa lára ìwé tí wọ́n fi ń po kẹ́míkà mọ́ sìmẹ́ńtì, lítà 25 ló kù níbẹ̀.

"Yes sir"

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó léwu jù lọ ní sáìtì, "yes sir" ni.

Gbogbo òṣìṣẹ́ àjèjì ló kọ́kọ́ ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ wọn. Fọ́máànù á ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á wá béèrè pé "You understand?" Kí ni kí ọmọkùnrin náà wí? Nílẹ̀ wa níbí, láti Dakar títí dé Àbújá, kí ọmọdé wo ojú àgbà kó ní ohun tó sọ kò yé òun, ó dà bí ẹni ń sọ pé àgbà náà kò mọ̀ ọ́n sọ. Ó tún ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá mọ̀ pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè lọ́la. Nítorí náà, "yes sir". Á gbé irinṣẹ́ rẹ̀, á lọ máa wo ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe.

Yorùbá ní abèèrè kì í ṣìnà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bú nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè mọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ kíkọ́ òṣìṣẹ́ lédè ti fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Wọn kì í béèrè bóyá ó yé e. Wọ́n á ní, "Show me." Kó gbé okùn ààbò náà, kó so ó mọ́ra, kó fi ibi tó máa fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ hàn. Bó bá so ó sí ibi tí kò yẹ, kò sí ìbínú níbẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Ìṣẹ́jú kan ni. Ohun kejì tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹnu ara wọn kọ́ òṣìṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá àwọn dúró: "Stop." "Say it again." "I don't know this one." Fọ́máànù fúnra rẹ̀ ni kó kọ́ ọ, kì í ṣe tíṣà. Bí ọ̀gá bá ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé kó sọ fún òun pé kò yé òun, ó ti fún un láṣẹ nìyẹn, àrífín ti kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń kùnà nìyí. Òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́. Fọ́máànù tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, tó ń lo owe ilẹ̀ rẹ̀ láti fi ṣàlàyé iná mànàmáná, kò sí ẹni tó pè é jókòó.

"I demand my money"

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ti ba àárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jẹ́. Ní èdè Faransé, "je demande" kò ju "mò ń béèrè" lọ. Kò ní ìbínú nínú rárá. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n orí túmọ̀ rẹ̀ á sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé pé "Sir, I demand my money." Ó rò pé òun fi ìwà tútù béèrè. Etí ọ̀gá gbọ́ ìhàlẹ̀. Àwọn méjèèjì á fi ìbínú túká, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Owó gan-an ni ìdí tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí fi le. Níbi tí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá kò bá ti gbọ́ èdè ọ̀gá, ẹnìkan ṣoṣo tó gbọ́ ọ ló ń di ọ̀gá kejì. Òun ló ń gba iṣẹ́, òun ló ń gba owó, òun ló ń sọ iye tí ọ̀gá san. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ olóòótọ́, ẹ̀gbọ́n gidi ni wọ́n fún àwọn tó kù. Àwọn mìíràn ń bù nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí wọ́n sì ń bù lówó kò lè mọ̀, nítorí kò lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ní kí wọ́n má kọ́ àwọn èèyàn òun ní Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ àti wákàtí tó máa fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò rí ìwé náà sójú rí. Èyí tó bá sì rí i, kí ló fẹ́ fi ṣe bí kò bá lè ka ìlà kan nínú rẹ̀?

Òfin Ghana sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àlàyé, ìtọ́ni àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò, kó sì wo ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó, àti ipò tó wà. Gbólóhùn kékeré ni, àmọ́ ó gbé ẹrù kúrò lórí òṣìṣẹ́ sórí ọ̀gá. Ọ̀gá kò lè wí pé òun ti sọ fún un. Ìbéèrè ni bóyá ó sọ ọ́ lọ́nà tó lè yé ẹni náà. Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ nípa ààbò ibi iṣẹ́ ti ń ráhùn tipẹ́ pé Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ kò kó sáìtì ìkọ́lé mọ́ra bó ṣe yẹ.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ

Iléèwé wà. Ọdún 1961 ni wọ́n dá Ghana Institute of Languages sílẹ̀ ní Accra, àwọn ọmọ Togo, Benin àti Côte d'Ivoire sì ń wá síbẹ̀ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní owó iléèwé àti àkókò ni ìyẹn wà fún. Ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì, ẹni tó sì ti gbé búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ á sùn lórí tábìlì ní agogo méje alẹ́.

Ibi iṣẹ́ ni kíláàsì náà ti gbọ́dọ̀ wáyé, láàárín wákàtí iṣẹ́, kí owó ọjọ́ náà sì pé.

Èyí kì í ṣe àlá. Australia ní ètò ìjọba kan láti 1991 títí di 2014 tó ń ran àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti kọ́ òṣìṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìwé kíkà níbi iṣẹ́. Ní Britain, owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àjèjì sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ni; oṣù Kẹta 2021 ni ìjọba dá a dúró ní England. Ètò méjèèjì parí nígbà tí ìjọba kó owó rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ń dúró de irú owó bẹ́ẹ̀ ní Àbújá á dúró pẹ́.

Ohun tó ṣe é ṣe láì sí owó ìjọba kò pọ̀, àmọ́ ó wúlò. Olùkọ́ náà kò gbọdọ̀ mú ìwé kankan dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó gba akoto, kó tẹ̀lé wọn kiri sáìtì fún ọjọ́ kan, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀: orúkọ irinṣẹ́, àṣẹ, èébú pàápàá. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ní ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò ní ọjọ́ náà gan-an.

Kó má sì rò pé Faransé ni gbogbo wọn gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pẹ́ ní iléèwé, èdè àjèjì ni Faransé jẹ́ fún àwọn náà. Ọmọ Niger kan lè máa ka kéwú geerege, kó má mọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan. Kì í ṣe púrúǹtù, lẹ́tà òmíràn ló mọ̀. Èdè Hausa ni kí wọ́n fi kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ pátákó ààbò náà ń ṣèrànwọ́, nítorí kárí ayé ni wọ́n ń lò ó: òbìrípo pupa tí ìlà dábùú rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ewu, òbìrípo búlúù jẹ́ dandan, àwọ̀ ewé ń tọ́ka sí ọ̀nà àbáyọ. Ọjọ́ kan péré tó láti kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn ọ̀gá kan ń ṣàtakò pé bí àwọn bá kọ́ ọ tán, á lọ síbi tí owó ti pọ̀ jù. Ó lè lọ lóòótọ́. Ẹni tí wọn kò kọ́ náà ń lọ, òmíràn a sì máa lọ sí ọsibítù.

"Tea" kì í ṣe tíì

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé nìkan nìyí, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú arúgbó ní àríwá England. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gba físà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ka ìwé láti kékeré, torí Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí Britain yọ kúrò nínú ìdánwò náà. Láti 22 oṣù Keje 2025, Britain kò gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun mọ́. Láti 8 oṣù Kínní 2026, wọ́n gbé òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì fún físà iṣẹ́ tuntun sókè láti B1 sí B2.

Ìdánwò náà kò sọ fún wọn pé ní apá ibẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní "tea". Bàbá arúgbó kan ní òun kò tíì jẹ "tea" òun, ọmọ wa gbé ife tíì fún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti fún un. Ebi ni bàbá náà gbé sùn. Bó bá ní "I feel poorly", àìsàn ló ń sọ, kì í ṣe òṣì. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn tuntun ní gbogbo èyí lórí WhatsApp, lóru, lẹ́yìn iṣẹ́, láì gba kọ́bọ̀. Ohun tí ọmọ Àjàṣẹ́ ń fojú rí ní Àbújá nìyẹn, aṣọ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn, ohun tí sáìtì nílò kò ju agolo ọ̀dà méjì lọ. Kí wọ́n kun ọ̀kan ní pupa, kí wọ́n kọ PETROL sí i. Kí wọ́n kun èkejì ní búlúù, kí wọ́n kọ KEROSENE sí i. Kí wọ́n wá fún ọ̀dọ́kùnrin ará Kùtọnù náà ní búrọ́ọ̀ṣì, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "essence" sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, kó kọ "pétrole" sí abẹ́ èkejì, nítorí ẹlòmíràn á ti Lomé dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè.